Ọ̀gá Àgbà Mòòkùn ní Omifunfun

Ẹni tó bá fẹ́ rí Olóyè Ọlásúnkànmí ní ọ́fíìsì Àjọ Amómiwálé ní Orè, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, kó kí àwòrán ọ̀gá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó tó wọlé lọ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti kí àwòrán náà rí. Ó yá mọ́ni ju ẹni tó ni ín lọ.

Iṣẹ́ àjọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí omi dé àwọn abúlé bí Ago Alaye, Ajue àti Omifunfun. Láti ọdún mẹ́fà tí ọ̀gá ti jókòó lórí àga, omi kan ṣoṣo tó tíì mú wálé láìkùnà ni èyí tó wà nínú fìríìjì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Kó tó di ọ̀gá, kòkó ló ń rà, ó sì ṣì ń rà á. Sítọ́ọ̀ rẹ̀ wà lẹ́bàá títì márosẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ Omifunfun ń gbé kòkó wọn lọ fún wíwọ̀n. Ẹni tó bá ń jẹun níbi méjì, a ò lè sọ pé kì í ṣiṣẹ́.

Nínú oṣù Kejìlá, ọ̀gá rí fídíò kan lórí fóònù rẹ̀. Òyìnbó kan gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, ó wọ bàtà tó fẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ó ń rá pálá láàárín àwọn ẹja aláràbarà nísàlẹ̀ òkun Sáńsíbà. Kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí òyìnbó náà. Kò sí abúlé tó ń béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi ló yí i ká. Ọ̀gá mí kanlẹ̀.

"Lọ́pẹ́," ó pe akọ̀wé rẹ̀, "ibẹ̀ ni mo ti máa lo lífù mi lóṣù Kẹta. Èmi náà máa mòòkùn."

Lọ́pẹ́ jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀ nítorí ìwólẹ̀ ojoojúmọ́. Kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn. "Ẹ̀yin Erinmi! Ilé yín ni ẹ ń lọ yẹn, sà!"

Orúkọ náà wọ ọ̀gá lára. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá kí i láìfi "Erinmi" kún un, ìwé rẹ̀ kì í jáde lórí tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí erinmi rí, àní nínú ìwé, ń fi í kí ènìyàn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Wọ́n kọ̀wé sí àwọn tó ń kọ́ni ní mímòòkùn ní Sáńsíbà. Èsì dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n kí ọ̀gá káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀, wọ́n ní ẹni tí kò bá tíì mòòkùn rí yóò kọ́kọ́ fi ọjọ́ mẹ́ta kẹ́kọ̀ọ́ nínú omi tí kò ju orúnkún lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ iléèwé. Bí ó bá ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti wọ omi jíjìn rí, kò ní í ṣe tàwọn ọmọdé.

Ọ̀gá na ọwọ́ sí òrùlé. "Èmi? Ọlásúnkànmí? Nínú omi orúnkún? Kí àwọn ọmọ tí kò tíì pààrọ̀ eyín máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílẹ̀ òkèèrè? Orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n bú!"

Ó pe ìpàdé. Wákàtí márùn-ún gbáko ni wọ́n fi jókòó lórí ibi tí ọ̀gá ti máa kọ́ mímòòkùn nílé kó tó lọ. Ẹnì kan ní kí ọ̀gá lọ sí etí òkun àwọn Ìlàjẹ, níbi tí ọmọdé ti ń mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n sáré. Ọ̀gá ní omi ibẹ̀ pọ́n, àwòrán òun kò ní í hàn nínú rẹ̀. Nígbà náà ni Lọ́pẹ́ rántí táǹkì Omifunfun.

Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ táǹkì náà sórí òkè kékeré kan, ó jìn tó ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká. Sólà ló ń fa omi sínú rẹ̀, ẹ̀rọ omi mẹ́fà ló sì ń gbà á láti ibẹ̀ wọ abúlé. Ẹni tó wà lórí àga kí ọ̀gá tó dé ló kọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́. Gbogbo Omifunfun kò ní omi mìíràn tó ṣeé fọkàn tẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ìdérí táǹkì kúrò, wọ́n fi ṣéènì de ọwọ́ páìpù tí omi ń gbà jáde, wọ́n ti àgádágodo mọ́ ọn, ọ̀gá sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ́rùn. Wọ́n wá lẹ ìkéde kan mọ́ ara igi:

"Nítorí pé gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba ló ní ẹ̀tọ́ sí lífù, Ọ̀gá Àgbà, nínú àánú rẹ̀ tí kò lópin, ti fún omi Omifunfun ní lífù ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà, kí ó lè sinmi, kí ó sì mọ́ gaara. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi láàmú."

Wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì rí Olóyè Ọlásúnkànmí ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín. Jàmíátù àti Kàsímù ọkọ rẹ̀ wá láti apá Ìlọrin ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, oko olóko ni wọ́n ń bá ṣe, ìpín díẹ̀ ni wọ́n ń rí nínú kòkó tí ẹlòmíràn gbìn. Lọ́dún yìí, Pa Bándélé tó ni ilẹ̀ fún wọn ní igbó tiwọn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ni pé àlejò á gbin kòkó sórí ilẹ̀ onílẹ̀, bí kòkó bá gbó, wọ́n á pín oko náà sí méjì, ìdajì á di ti àlejò títí láé. Ṣùgbọ́n Pa Bándélé ti là á mọ́lẹ̀ fún wọn: bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí kòkó kò sí nílẹ̀, ẹlòmíràn ń dúró.

Nítorí náà, ẹgbẹ̀fà ọmọ kòkó ni Jàmíátù gbìn sínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè táǹkì. Omi ẹ̀rọ ló fi ń tọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ti omi mọ́lé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn omi láti odò kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, lílọ wákàtí kan, bíbọ̀ wákàtí kan. Ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ewé àwọn ọmọ kòkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Ó yọ ọ̀kan tó ti kú, ó fi í sínú báàgì rẹ̀, ó wọ ọ̀kadà lọ sí Orè.

Ó bá ọ́fíìsì ní dídákẹ́ rọ́rọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, àkókò tí ọ̀gá fi ń kọ́ bí a ṣe ń sé èémí. Ọ̀gá fi ìka méjì di imú, gbogbo òṣìṣẹ́ dìde dúró, Lọ́pẹ́ ń ka àkókò.

"Ìṣẹ́jú kan! Ìṣẹ́jú méjì!"

Ìṣẹ́jú Lọ́pẹ́ kò gùn ju ìgbà tí ènìyàn fi ń sín lọ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá ti ń pọ́n.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta!"

Jàmíátù ké tòò. "Ẹ gbà mí o! Ẹ dúró tí ẹ ń wo àgbà ọkùnrin tí kò lè mí! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí!"

Ẹ̀rù ba ọ̀gá, ó mí. Lọ́pẹ́ yára kéde pé ìṣẹ́jú mẹ́rin pé, àtẹ́wọ́ sì sọ. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọ̀gá wo obìnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ni ìwọ?"

"Jàmíátù ni mí, sà, láti Omifunfun." Ó gbé ọmọ kòkó náà sórí tábìlì. "Èyí ti kú. Mo ṣì ní ọ̀pọ̀ nílé tí òǹgbẹ ń gbẹ. Ilẹ̀ wa wà lórí wọn, sà. Ẹ dákun, ẹ ṣí omi fún wa, kó jẹ́ ìrọ̀lẹ́ nìkan."

Ọ̀gá fara ti àga. "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o mọ ohun tí ń jẹ́ omi? Omi kì í ṣe ohun tí a kàn ń pọn! Omi jẹ́ ọ̀rọ̀ ìmọ̀! Omi jẹ́ ọ̀rọ̀ àgbáyé! Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ayé yìí, omi ni!"

"Ìdá tó wà ní Omifunfun ni mo wá bẹ̀ yín fún, sà."

"Erinmi!" àwọn òṣìṣẹ́ hó, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dún jù.

"Lọ́jọ́bọ̀," ni ọ̀gá wí, "èmi fúnra mi yóò wọ inú omi yẹn lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, bóyá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó gbé ọ̀rọ̀ rẹ yẹ̀ wò."

"Ọmọ kòkó kò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà."

"Kí wọ́n kọ́ sùúrù!"

Jàmíátù gbé kòkó rẹ̀ tó kú, ó jáde. Inú bí i débi pé kò rántí wọ bàtà rẹ̀ títí ó fi dé gáréèjì. Inú bí èmi náà nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Ọ̀gá ti ránṣẹ́ sí Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá, alábẹ̀wò láti Àkúrẹ́, pé kó wá wo ètò tuntun kan tí òun pè ní Àyẹ̀wò Omi Láti Inú Rẹ̀. Ohun tó fẹ́ gan-an ni kí obìnrin náà buwọ́ lùwé pé ọ̀gá ti wọ omi jíjìn rí. Aṣọ rọ́bà, sílíńdà àti bàtà pẹ́pẹ́yẹ ti dé láti Èkó. Ó ku nǹkan kan. Ìwé ìtọ́ni ní aṣọ rọ́bà máa ń mú ènìyàn léfòó, pàápàá ẹni tí ikùn rẹ̀ bá ti ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ so ohun tó wúwo tó kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọ́ ìbàdí kó tó lè rì.

"Ìyẹn nìkan?" ni ọ̀gá wí. "Lọ́pẹ́, lọ sí sítọ́ọ̀ mi. Gbé mẹ́ta wá nínú àwọn irin tí a fi ń wọn kòkó. Kílò márùn-ún márùn-ún ni wọ́n."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ níbí yìí. Lóòótọ́, márùn-ún ni wọ́n kọ gàdàgbà sára irin kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ọ̀gá mú wọn lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà kan, ó ní kó gbẹ́ ìdí wọn, kó da òjé sí i, kó sì fi ọ̀dà dúdú bò ó. Láti ìgbà náà, mẹ́jọ ni irin márùn-ún. Àgbẹ̀ á bu kòkó kílò mẹ́jọ sí apá kejì òṣùwọ̀n kó tó dọ́gba, wọ́n á sì kọ márùn-ún fún un. Bó bá ráhùn, ọ̀gá á ní, "Kòkó rẹ ti gbẹ lójú ọ̀nà ni."

Ṣé ọ̀gá wá gbàgbé ni? Ó ti. Irọ́ tí ènìyàn bá ti pa fún ọdún méjìlá, òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Márùn-ún ló wà lára irin, márùn-ún ni ojú ọ̀gá rí.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n ta ìbòòrùn síwájú táǹkì, wọ́n kan pèpéle sí ẹnu rẹ̀ kí àwọn àlejò lè máa wo inú omi. Ọkùnrin mẹ́ta pẹ̀lú ọṣẹ ni wọ́n fi wọ aṣọ rọ́bà sí ọ̀gá lára. Lọ́pẹ́ fi okùn tí wọ́n fi ń di àpò kòkó so irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn ní ìbàdí, ó ta kókó mẹ́fà sí i, nítorí ìfẹ́. Ọ̀gá wá dojú kọ àwọn ènìyàn.

"Ẹ̀yin ará Omifunfun! Nígbà tí Mósè dé etí òkun, ó ní kí omi yà. Èmi kò ní kó yà! Èmi ń wọlé lọ bá a níbi tó jókòó sí! Ọmọ tó bá bi yín léèrè lọ́la pé ta ló kọ́kọ́ mòòkùn ní gbogbo ilẹ̀ Odigbó, kí ni ẹ máa sọ?"

"Erinmi!" ni àwọn òṣìṣẹ́ dáhùn. Àwọn ará abúlé kò dáhùn. Òǹgbẹ ń gbẹ wọ́n.

Ọ̀gá ki ẹnu páìpù bọnu, ó fò. Kò léfòó rárá. Ó lọ sísàlẹ̀ ní tààrà, ó sì jókòó síbẹ̀.

Àtẹ́wọ́ sọ. Afẹ́fẹ́ ń hó sókè nínú omi kúlúkúlú. Omi náà mọ́ lóòótọ́, gbogbo ènìyàn ń rí ọ̀gá kedere tó ń ju apá, tó ń ju ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá béèrè pé, "Kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò, mà."

"Ọwọ́ tó ń jù ńkọ́?"

"Wọ́n ń kí yín ni, mà," ni Lọ́pẹ́ wí. Gbogbo òṣìṣẹ́ bá ju ọwọ́ padà sí ọ̀gá pẹ̀lú ọ̀yàyà.

Nísàlẹ̀, ọ̀gá ń fi èékánná já kókó Lọ́pẹ́. Ẹni tó bá mọ okùn àpò kòkó mọ̀ pé bó bá ti mumi, ó ti le nìyẹn.

Jàmíátù ti gun orí pèpéle. Omi ló fẹ́ fojú rí, kì í ṣe ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó rí ojú ọ̀gá lẹ́yìn awò. "Ọkùnrin yìí ò kí ẹnikẹ́ni o," ló wí. "Ó fẹ́ jáde ni. Kò lè jáde."

Ariwo ta. Wọ́n béèrè bí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ṣe pọ̀ tó. Wákàtí kan péré, ogún ìṣẹ́jú sì ti lọ. Wọ́n béèrè ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ àjọ omi, kò sí ẹyọ ẹnì kan. Àwọn àgbẹ̀, igbó ni wọ́n mọ̀.

"Ẹ ṣí omi!" ni Jàmíátù pariwo. "Ẹ jẹ́ kó fà!"

"Ọ̀gá ò tíì fọwọ́ sí i," ni Lọ́pẹ́ wí.

"Kọ́kọ́rọ́ dà?" ni Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá béèrè.

"Ó wà lọ́rùn ọ̀gá, mà."

Kàsímù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fi ẹ̀yìn àáké lu àgádágodo náà nígbà mẹ́ta, ó fọ́. Ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ṣùgbọ́n omi inú táǹkì kò tètè fà. Ni Lọ́pẹ́ bá sáré wọ abúlé, ó ń ṣí fìlà fún tọmọdé tàgbà: "Ẹ dákun, ẹ wá pọnmi! Ẹ gbé garawa, ẹ gbé ìkòkò, ẹ gbé ohun tí ẹ bá ní! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ pọnmi!" Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti ń fi ọ̀sẹ̀ méjì bẹ̀bẹ̀ omi, àwọn ni wọ́n ń bẹ̀.

Jàmíátù tò wọ́n ní ìlà kan láti orí pèpéle dé ìdí kòkó rẹ̀. Àwọn tó wà lókè ń bù ú, wọ́n ń nà án fún ara wọn, òun ń dà á sí ìdí àwọn ọmọ kòkó lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ nínú kóòtù wọn wà lórí ìlà náà, omi rin wọ́n gbindingbindin. Ní ọdún mẹ́fà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Àjọ Amómiwálé máa gbé omi wálé. Igba ọmọ kòkó ti kú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ẹgbẹ̀rún ló ṣẹ́kù, ó sì tó gbin igbó tí Pa Bándélé fún wọn. Jàmíátù ń da omi, ó ń sunkún.

Orí ọ̀gá yọ. Kò tíì yọ délẹ̀ tó fi tu páìpù kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀yin ènìyàn mi! Bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ gan-an nìyí! Èmi ni mo ní kí wọ́n..." Omi gbá a lẹ́nu, ó wúkọ́.

Nígbà tí omi kù sí kókósẹ̀, Kàsímù fi àkàbà sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gé okùn, ó gbé irin kan láti fi rọ ọ̀gá lọ́rùn. Ó dúró. Ó tún un gbé. Ọwọ́ tó ti ń gbé kòkó fún ọdún mẹ́sàn-án mọ kílò márùn-ún.

Ó gbé irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Ọ̀gá gbìyànjú láti tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àkàbà dá lábẹ́ rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kejì. Ó wá ku òun nìkan nínú kọnkéré.

Límátù tó ń ta ẹja dídì gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ wá, wọ́n so irin kọ́ ọ. Láti inú táǹkì, ọ̀gá kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́.

"Mẹ́jọ," ni Límátù wí.

Wọ́n so èkejì kọ́. "Mẹ́jọ."

Wọ́n so ẹ̀kẹta. "Mẹ́jọ náà ni o."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Èyí kò tilẹ̀ lò ju méjìlá lọ. Àwọn àgbẹ̀ ń wo ara wọn, olúkúlùkù ń rántí àpò kòkó tirẹ̀. Ohùn ọ̀gá jáde láti ìsàlẹ̀: "Omi ló wọ inú irin! Irin máa ń mumi!"

Kàsímù yọjú sí i. "Iṣẹ́ Ọlọ́run pọ̀, sà. Lọ́dọ̀ yín, kòkó á gbẹ lójú ọ̀nà, irin á sì mumi."

Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá náà yọjú. "Olóyè, ẹ kò sí lórí àga yẹn mọ́ láti ìsinsìnyí. Mo ń gbé àwọn irin yìí lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn ọlọ́pàá máa bá yín ní sítọ́ọ̀."

"Ẹ ti omi!" ni ọ̀gá ń ké. "Ẹ jẹ́ kí táǹkì kún, á gbé mi léfòó! Lọ́pẹ́! Mo pàṣẹ!"

Lọ́pẹ́ wo ọwọ́ páìpù, ó wo Ìyáàfin Ẹ̀bùnọlá, ó wá bi í pé ṣé ó rẹ̀ wọ́n, kí òun bá wọn gbé báàgì.

Ó kù kí wọ́n fa ọ̀gá jáde. Kàsímù mú okùn ìgbẹ́kànga wá. "Olóyè, kílò mélòó ni yín? Okùn yìí kò gbà ju ọgọ́rùn-ún lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, á já."

"Àádọ́rin," ni ọ̀gá wí.

"Kò burú, sà." Kàsímù bẹ̀rẹ̀ sí í ju okùn sílẹ̀.

Ọ̀gá wo okùn. Ó wo kọnkéré tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. "Dúró! Ọgọ́fà! Ọgọ́fà ni mí, mo fi Ọlọ́run búra!"

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tó wà lórí pèpéle fojú wo ara wọn, wọ́n fi kílò mẹ́ta lé gbogbo márùn-ún márùn-ún tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rán ènìyàn lọ sí Orè láti lọ gbé okùn tí àwọn onígẹdú fi ń fa igi wá.